Ìbejì Tí Mẹ́sàn-án Bí

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, ó dá ìwé iṣẹ́ àmúrelé ìṣirò padà fún kíláàsì rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ó máa ń jókòó lẹ́yìn wo ìwé tirẹ̀ títí, ó sì dìde dúró. Ìbéèrè méjì ni ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Èkíní ní kí wọ́n kọ iye tí √9 jẹ́. Èkejì ní kí wọ́n wá gbogbo nọ́ńbà tí ó jẹ́ pé, bí ènìyàn bá fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 9 ni yóò dé. Nínú méjèèjì, 3 àti −3 ni ọmọ náà kọ. Nínú méjèèjì náà sì ni olùkọ́ ti fi bírò pupa wọ́gi lé −3, tí ó sì yọ máàkì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí −3 lọ́nà −3 náà jẹ́ 9?"

Olùkọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ó wá ṣẹ̀, sà?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti olùkọ́ díẹ̀. Ó ní bí ó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn, kí ó jókòó. Ọmọ náà jókòó. Láti ọjọ́ náà títí ọ̀sẹ̀ fi parí, kò tún nawọ́ sókè mọ́.

Èyí ni ó dun olùkọ́ jù. Máàkì méjì kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó rántí pé nígbà tí òun náà wà ní girama, ìdáhùn tí wọ́n fún òun gan-an ni òun tún mú fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó ti gba ìwé ẹ̀rí lórí ohun tí kò tíì bi ara rẹ̀ léèrè rí.

Nítorí náà ó wọ ilé ìkàwé lọ. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ gbòǹgbò nọ́ńbà ti pẹ́ láyé. Wàláà amọ̀ kan wà láti Bábílónì, tí ó wà ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà lónìí, tí wọ́n kọ láàárín 1800 sí 1600 ṣáájú ìbí Kristi. Wọ́n ya igun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba sí i lára, wọ́n sì ṣírò gbòǹgbò 2 sórí ìlà tí ó gba àárín rẹ̀ kọjá. Àṣìṣe inú ìṣirò náà kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan. Àwọn yẹn kò ní ìjà kankan pẹ̀lú −3, nítorí pé gígùn ilẹ̀ kì í wà lábẹ́ òdo. Àmì √ fúnra rẹ̀ hàn nínú ìwé tí Christoff Rudolff kọ ní èdè Jámánì ní 1525.

Ohun tí ó ya olùkọ́ lẹ́nu jù lọ ni ti Euler. Nínú ìwé tí ọ̀mọ̀ràn yìí tẹ̀ jáde ní 1748, ó pín fọ́ńṣọ̀n sí oríṣi méjì: èyí tí ó ń fúnni ní ìdáhùn kan, àti èyí tí ó ń fúnni ní ju ẹyọ kan lọ, gbòǹgbò sì wà nínú oríṣi kejì. Àṣé ọ̀nà tí ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì tọ̀ ni Euler tọ̀! Nígbà tí ó di 1837, Dirichlet sọ ọ́ pé kí iye kan ṣoṣo máa bá ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Ìlànà yìí ni ó borí nínú àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́.

Kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti rí ohun tí ìlànà náà ń wí. Bí ènìyàn bá bi ọmọ kan léèrè pé ta ni ìyá tí ó bí i, ìdáhùn kan ni yóò wá. Ọmọ méjì lè dárúkọ ìyá kan náà, kò burú. Fọ́ńṣọ̀n nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi ìyá léèrè pé ta ni ọmọ rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyá ìbejì ni 9: 3 ni ọmọ rẹ̀, −3 náà ni ọmọ rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń jẹ́ "√9", tí ẹnì kan wá ní kí wọ́n ro √9 pọ̀ mọ́ √16, ìdáhùn mẹ́rin ni yóò jáde: 7, 1, −1 àti −7. Ta ni yóò fi irú èyí kọ́lé? Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ẹnu kò pé èyí tí kò sí lábẹ́ òdo ni yóò máa jẹ́ ìpè. Ẹni tí ó bá fẹ́ méjèèjì ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ± síwájú àmì náà.

Ní ọjọ́ Ajé, olùkọ́ bi kíláàsì léèrè pé nínú ìbejì, ta ni ẹ̀gbọ́n. Wọ́n pariwo pé, "Kẹ́hìndé!" Ó ní ta ni ó kọ́kọ́ wá sáyé. Wọ́n ní Táíwò ni. Ó dúró díẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n wo ara wọn lójú, kí ó tó sọ pé àdéhùn àwọn baba wa ni ó fi Kẹ́hìndé ṣe ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó sọ pé Táíwò kì í ṣe ọmọ. Àdéhùn ni ó mú 3 ní ìbéèrè èkíní, kì í ṣe pé −3 dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ni ìbéèrè èkejì ní kí wọ́n kó wá. Olùkọ́ ni ó ti ọ̀kan mọ́lé. Ó gba ìwé ọmọbìnrin náà, ó fi máàkì ìbéèrè èkejì sí i lójú gbogbo wọn, ó sì ní kí ó má bínú. Ti èkíní kò yí padà.

Ọmọ náà wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sókè. Ó fẹ́ mọ irú ìyá tí −9 jẹ́.