Tíṣà Tó Ń Gbá Bọ́ọ̀lù

Àjèjì tó bá wá ṣe tíṣà ní Iléṣà, kíláàsì kọ́ ni ìlú ti ń mọ̀ ọ́n, orí pápá ni. Nínú kíláàsì, àwọn ọmọ jókòó, òun dúró níwájú pátákó, ìbẹ̀rù sì wà láàárín wọn. Lórí pápá, ọmọ tó kọ́ ní ìṣirò láàárọ̀ lè gba bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí gbogbo èèyàn sì hó yèè. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kíyè sí i. Mi ò tíì rí àjèjì tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbí tí ọdún yí po lórí rẹ̀ láìní ọ̀rẹ́.

*

Ní 1979, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Bọ́lá Ìgè dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Iléṣà ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. 1991 ni wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni Ìgè fúnra rẹ̀, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí náà ni. Ilé ẹ̀kọ́ girama hù káàkiri, ọmọ kún inú wọn, àmọ́ tíṣà kò tó. Lásìkò yìí kan náà, ọrọ̀ ajé Gánà ti dẹnu kọlẹ̀, owó oṣù tíṣà níbẹ̀ kò gbé e dé ìparí oṣù. Owó epo rọ̀bì sì wà ní Nàìjíríà. Bí àwọn tíṣà Gánà ṣe wọ ilé ẹ̀kọ́ wa nìyẹn, tí wọ́n ń kọ́ni ní ìṣirò, físíìsì àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Íńdíà náà wà, àwọn ará Filipíìnì wà, ṣùgbọ́n àwọn ará Gánà ló máa ń bọ́ ẹ̀wù wọn kọ́ sára òpó góòlù nírọ̀lẹ́.

*

Ará Kùmásí ni tíṣà ìṣirò wa. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ ló ti wà lójú ọ̀nà, tó ń sáré láti ẹ̀gbẹ́ Ọ̀kèsà títí dé iwájú ààfin Ọwá, kó tó yí padà. Ayé ìgbà yẹn kò mọ irú eré bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Àwọn ìyá tó ń gbé ẹrù lọ sọ́jà a dúró, wọ́n a bi í pé, “Tíṣà, ṣé kò sí o?” Òun náà a dúró, a ní kò sí. Láàárín oṣù díẹ̀, ìbéèrè yẹn di ìkíni. Ìyá alákàrà kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a fi tiẹ̀ pamọ́, gbígbóná, kó lè rí i jẹ bó bá ń padà bọ̀.

*

Eré sísá ní ìlú wa ní òfin tirẹ̀. O kò lè sáré kọjá lára àgbà bí ẹni pé igi ló dúró síbẹ̀. Tíṣà náà kọ́ èyí kíákíá: bó bá rí bàbá kan lókèèrè, á dẹ ẹsẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, á kí i, kó tó tún máa lọ. Iléṣà kò tẹ́jú, òkè ló pọ̀ níbẹ̀. Ìkíni yẹn tún máa ń jẹ́ kó mí kanlẹ̀.

*

Ọkọ ìyá alákàrà yẹn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Télọ̀ ni, òun ló sì ń ṣọ́ góòlù fún àdúgbò. Nígbà tó gbọ́ tí tíṣà bú ara rẹ̀ ní èdè Twi nítorí bọ́ọ̀lù tó ta síta, ó dá a lóhùn ní Twi láti inú góòlù. Gbogbo pápá dákẹ́. Gánà ni wọ́n ti tọ́ télọ̀ yìí dàgbà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló gbé níbẹ̀, wọ́n ń tajà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, títí di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú fi ìlú sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Òun àti àwọn òbí rẹ̀ kó ohun tí wọ́n lè gbé, wọ́n padà wálé. Lórí pápá lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò pàdé.

*

Ẹ̀kọ wa àti kẹ́nkẹ́ àwọn ará Gánà, àgbàdo kíkan ni méjèèjì, inú ewé ni wọ́n sì ń wé wọn sí. Fùfú wọn lọ́hùn-ún, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gún pọ̀, kì í ṣe irú tiwa. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, iyán ni oúnjẹ. Tíṣà gba ọmọ odó kan, télọ̀ gba ìkejì. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù borí ni iyán yẹn máa ń dùn jù.

*

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹta 1982 ni Gánà gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Líbíà. Wọ́n ta ọ̀mì 1–1, wọ́n wá fi pẹnáritì 7–6 borí Líbíà tó gbàlejò. Nàìjíríà tó gbé ife náà ní Lagos ní 1980 ti já láti ìpele àkọ́kọ́. Rédíò télọ̀ ni òun àti tíṣà jókòó tì. Nígbà tí a padà sílé ẹ̀kọ́, tíṣà wọ kíláàsì, kò sọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, ó kàn kọ 7 àti 6 gàdàgbà sójú pátákó, ó ní ká wá ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. A pariwo títí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi yọjú.

*

Kò tó ọdún kan sígbà náà, ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1983, ìjọba Ṣàgárí kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni tiwọn. Àṣẹ yẹn kò kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, nítorí náà tíṣà lè dúró. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe bíríkìlà kò lè dúró. Ilé télọ̀ ló ti di ẹrù rẹ̀, sínú àpò onílà tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní Ghana-must-go títí dòní. Télọ̀ tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọkùnrin náà, ó rán owó sínú ìṣẹ́po rẹ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń yẹ ara wò lójú ọ̀nà, nítorí òun náà ti gba ibẹ̀ rí. Gánà ti ti ibodè tirẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án 1982, ìparí oṣù Kìíní yẹn ni wọ́n tó ṣí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló há sí ọ̀nà Kútọnu. Àwọn tó lọ lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù kan.

Mo gbà pé ohun búburú ni àṣẹ méjèèjì, ti 1969 àti ti 1983. Aládùúgbò ni wọ́n lé, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi tipátipá rọ́pò aládùúgbò.

*

Ọ̀nà ti yí padà, tíṣà tiwa ló ń rìnrìn àjò báyìí. Láti oṣù Kejì 2023, tíṣà tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní Nàìjíríà lè tọrọ àṣẹ láti kọ́ni ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè ní England. Àbúrò mi obìnrin kan tó ti ń kọ́ni ní Iléṣà wà lára àwọn tó lọ. Ohun tó kọ́kọ́ dùn ún ni pé kò sẹ́ni tó ń kí i lójú pópó. Ẹnì kan nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá sọ fún un nípa parkrun: kìlómítà 5, láago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, ọ̀fẹ́ ni. Èèyàn 13 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bushy Park ní 2004. Ẹni tó bá fẹ́ lè sáré, ẹni tó bá fẹ́ lè rìn. Ẹ̀yìn pátápátá ló wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun àti nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n jọ ń rìn, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀. Màmá yẹn ló ń pè é báyìí bí kò bá rí i.

*

Àwọn agùnbánirọ̀ ni tíṣà àjèjì tiwa lónìí. Ètò agùnbánirọ̀ wà láti 1973. Ọmọ Benue, ọmọ Akwa Ibom, wọ́n á kúrò ní àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹdẹ, wọ́n á dé Iléṣà tàwọn ti àpótí, wọn kò gbọ́ Yorùbá. Èyí tó bá ti inú yàrá rẹ̀ mọ́ra títí ọdún fi parí, ọdún náà gùn fún un. Èyí tó bá jáde wá gbá bọ́ọ̀lù, kí oṣù tó parí, àwọn ọmọ á ti máa bá a gbé omi.

*

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ kọ́ gbọ̀ngàn bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí pápá ilé ẹ̀kọ́ yín. Ẹ gé koríko rẹ̀, ẹ gbé òpó góòlù rẹ̀ ró. Bí agùnbánirọ̀ bá sì dé lọ́dún yìí, ẹ bi í bóyá ó ń gbá bọ́ọ̀lù.