Ẹni Tí À Ń Fi Iṣẹ́ Lé Lọ́wọ́

Mẹ̀káníìkì kan wà ní Issaba, ní ilẹ̀ Benin, tí mo máa ń gbé alùpùpù mi lọ bá. Ilẹ̀ dúdú agbègbè yẹn kì í ṣojúure sí táyà: lẹ́ẹ̀rùn ó ń là yànyàn, lójò ó ń di ẹrẹ̀ tó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú. Ọ̀gá yìí ní ọmọṣẹ́ mélòó kan. Ọ̀kan nínú wọn, etí lásán ló fi ń mọ àrùn ẹ́ńjìnnì. Ẹ ò ní tíì pa alùpùpù tán tí yóò ti tọ́ka síbi tó ń ṣe é. Nígbà tí ọ̀gá ń lọ síbi ìsìnkú kan ní Sakété, ẹni yẹn ni mo rò pé yóò fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀ ló kó kọ́kọ́rọ́ fún. Nígbà tó padà dé, mo bi í léèrè ohun tó rí lára ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí mo fi sílẹ̀ yẹn, bó bá ba nǹkan jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá sọ fún mi. Ti èkejì, ẹnu oníbàárà ni mo ti ń gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Àwọn àgbà ní ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Àwọn àgbà kan náà ló tún ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àárín òwe méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ti ń bá ara wọn jà: àwọn kan ń wo ọwọ́ tó mọ́, àwọn kan ń ka àkísà. Kò sì sí òwe tó sọ ẹni tí yóò yẹ ọwọ́ ọmọ náà wò. Ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onígbólò, tí kò jìnnà sí Issaba, tí ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀, mo fura pé ọ̀rọ̀ yìí ti ní láti ní ojú kẹta, ìyẹn ni pé ọmọ ìlú ta ni ipò kàn.

Ní 1969, Laurence Peter àti Raymond Hull kọ ìwé ẹ̀fẹ̀ kan tí ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ kò pẹ́ di òótọ́. Wọ́n ní wọ́n á máa gbé òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ ga títí yóò fi dé ipò tí apá rẹ̀ kò ká, ibẹ̀ ni yóò sì jókòó sí. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní 2019, Alan Benson, Danielle Li àti Kelly Shue gbé ìwádìí jáde lórí àwọn òǹtajà ní ilé iṣẹ́ 131 ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó mọ ọjà tà jù ni wọ́n sábà ń fi ṣe olórí. Ọjà àwọn tí wọ́n fi sábẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sì ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀rí mẹ̀káníìkì wa nìyẹn, òun tí kò ka ìwé kankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí Pobè díẹ̀, nítorí kò sígbà tí mo ronú lórí yíyan èèyàn tí ọkàn mi kì í sá lọ síbẹ̀. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ tí gbogbo àgbẹ̀ ń wá ni èyí tí ẹyìn rẹ̀ lẹ́ran, tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Àmọ́ bí èèyàn bá da èyí tó dára pọ̀ mọ́ èyí tó dára, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ á jẹ́ eléèpo nípọn, ìdá kan á jẹ́ aláìléèpo. Ìdajì péré ló ń jọ òbí. Ọdún 1941 ni Beirnaert àti Vanderweyen, ní Yangambi ní Kóńgò, tú àdììtú náà. Ọ̀pẹ tó dára yìí kì í ṣe ìran kan lọ́tọ̀, ọmọ àdàlù ni. Ẹ fi eléèpo nípọn ṣe ìyá, kẹ́ ẹ fi aláìléèpo ṣe bàbá, gbogbo ọmọ wọn pátá ni yóò jẹ́ èyí tẹ́ ẹ̀ ń fẹ́.

Bàbá yẹn gan-an ni mo ń bá bọ̀. Ọ̀pẹ aláìléèpo, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pisifera, kì í sábà so kó gbó. Ìdì ẹyìn rẹ̀ á yọ, á sì jẹrà sórí igi. Àgbẹ̀ tó bá rí i lóko, àdá ni yóò yọ sí i. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ pisifera tó jẹ́ bàbá rere yàtọ̀ sí èyí tí kò já mọ́ nǹkan? Kò sí ohun tí wọ́n lè wò lára rẹ̀. Wọ́n á gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ sára oríṣiríṣi ìyá, wọ́n á gbin àwọn ọmọ, wọ́n á sì dúró. Ó tó bí ọdún mẹ́ta kí àwọn ọmọ tó so, wọ́n á sì tún máa wọn ìdì ẹyìn wọn lọ́dọọdún. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí wọ́n tó dá bàbá láre. Àwọn ọ̀pẹ tí wọ́n ń pè ní Deli, tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti ara igi mẹ́rin tí wọ́n gbìn sí ọgbà Bogor ní Java ní 1848, ìdì ńláńlá ni wọ́n ń so, àmọ́ kì í pọ̀. Ti ilẹ̀ wa níbí kéré, ó sì pọ̀. Nígbà tí àwọn ibùdó bíi Pobè da méjèèjì pọ̀, ọmọ ta òbí yọ. Mo lè máa sọ èyí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Èèyàn kì í ṣe ọ̀pẹ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olórí pẹ̀lú kì í hàn lára ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ so. Ara àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ la ti ń rí i. Ọmọ tó ń fetí mọ àrùn ẹ́ńjìnnì yẹn, mi ò rí kí ọmọ kékeré kankan bi í ní ìbéèrè rí. Ti ẹ̀rí tí ọ̀gá fi yan ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀, mo ṣì ń ṣiyèméjì díẹ̀. Ẹni tó ń ròyìn gbogbo nǹkan fún ọ̀gá, ṣé kì í ṣe olófòófó lásán? Bóyá ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé ẹ̀bi ara rẹ̀ lọmọ yìí ń rò, olófòófó kì í ro tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n olófòófó náà lè kọ́ ìyẹn.

Ohun mìíràn wà tó tún ju yíyan lọ: àṣẹ tí a fún ẹni tí a yàn. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n ni agbègbè Issaba, gbógun ti ìjọba Faransé ní 1914 sí 1915. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe lo àwọn olóyè ẹ̀gbẹ́ ààlà Benin àti Nàìjíríà, kó wá ìwé A. I. Asiwaju tó jáde ní 1976. Faransé nílò olóyè tí yóò gba owó orí, tí yóò sì wá èèyàn fún iṣẹ́ ọba. Ní oṣù kẹjọ 1917, Joost van Vollenhoven, gómìnà àgbà gbogbo ilẹ̀ Faransé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kọ lẹ́tà sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé olóyè kò ní agbára kankan tó jẹ́ tirẹ̀, pé kọmáńdà, ìyẹn òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè, nìkan ló ń pàṣẹ. Owó orí tí kò pé, ọrùn olóyè ni. Àṣẹ, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni pé láàárín oṣù mélòó kan, nígbà tí Paris fún Blaise Diagne, aṣòfin láti Senegal, ní agbára láti kó ọmọ ogun jọ láì sí lábẹ́ gómìnà àgbà, van Vollenhoven kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó ní òun kò lè ru ẹrù tí àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó padà sójú ogun, ó sì kú níbẹ̀ ní oṣù keje 1918. Ohun tó sọ nípa ara rẹ̀ yẹn, olóyè èyíkéyìí ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí ì bá ti sọ ọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹni tí ẹ máa fi ṣe olórí níbi iṣẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó máa yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó lè pinnu láì tẹ̀ yín láago. Bí kò bá ju ẹyọ kan lọ, orúkọ lásán lẹ fún un.