Lẹ́tà Láti Oxford: Ẹ Má Ta Ìyáàlù Bàbá Àgbà

Oxford,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

  Ara mi le, àfi òtútù tó ti gbòde. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí, bí mo bá sì jí fún iṣẹ́ òwúrọ̀ ní ọsibítù, òkùnkùn ṣì wà níta. Gángan tí mo gbé wá láti ilé kò bá ojú ọjọ́ ibí mu rárá. Bí òjò bá ń rọ̀ lemọ́lemọ́, awọ rẹ̀ á dẹ̀, ohùn rẹ̀ á wọlẹ̀. Bí mo bá sì gbé e sún mọ́ hítà jù, awọ á le koko, ẹ̀rù á wá máa bà mí kó má fàya.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp nípa ọkùnrin onílé ìtura ará Ìbàdàn tó fẹ́ ra ìyáàlù bàbá àgbà. Ẹ ní ó fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí àwọn àlejò ti ń gba kọ́kọ́rọ́ yàrá, pé bó ṣe gbó yẹn gan-an ló wù ú. Ẹ ní ó yà yín lẹ́nu pé ẹnì kan lè san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ìlù tí awọ rẹ̀ ti ya tipẹ́. Kò ya èmi lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà gùn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ dípò kí n fi ohùn dá yín lóhùn.

Ní àárín ìlú yìí, mùsíọ́mù kan wà tí wọ́n ń pè ní Ashmolean. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, torí náà mo máa ń yà síbẹ̀ tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Fayolíìnì kan wà níbẹ̀ nínú àpótí gíláàsì, tí Antonio Stradivari ṣe ní ìlú Cremona, ní Ítálì, lọ́dún 1716. Messiah ni wọ́n ń pè é. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Luigi Tarisio ló ni ín nígbà kan. Bó bá ti dé Paris, á máa fọ́nnu pé fayolíìnì kan wà lọ́wọ́ òun ní Ítálì tí ojú kò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ gbé e wá. Ni ẹnì kan bá ní Mèsáyà nìyẹn, tí à ń retí, tí kì í dé. Orúkọ náà mọ́ fayolíìnì ọ̀hún lára. Tarisio kú lọ́dún 1854 kí ojú àwọn ará Paris tó tó o.

Tí ẹ bá rí i, ẹ kò ní gbà pé ohun ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni. Fáníìṣì rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó ń dán. Lókè orí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ igi kó ká jọ, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi la etí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ fayolíìnì Stradivari yòókù, ọwọ́ ènìyàn ti nu irú ọ̀dà yẹn kúrò. Ìdí tí ti èyí fi wà ni pé wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ta á rí. Nígbà tí Stradivari kú lọ́dún 1737, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ṣì wà. Lẹ́yìn náà ló wá ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ olówó mìíràn. Ìdílé Hill, tí wọ́n ń ṣòwò fayolíìnì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fi ta mùsíọ́mù lọ́rẹ kí àwọn tó ń ṣe fayolíìnì lè máa wò ó kọ́ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ta á. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín, kò wọ̀ mí lára. Èyí tó wọ̀ mí lára ni fayolíìnì mìíràn tó wà nínú mùsíọ́mù náà, tí Andrea Amati ṣe lọ́dún 1564 fún Charles Kẹsàn-án, ọba Faransé. Àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà àti wúrà kùn sẹ́yìn rẹ̀ ti pa rẹ́ níbi púpọ̀. Ènìyàn ti gbé ìyẹn lọ́wọ́.

Nínú ìlú kan náà, yunifásítì tún ní àkójọ ohun èlò orin tí wọ́n ń pè ní Bate. Philip Bate ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ lọ́dún 1968, ohun tó sì bá wọn dá ni pé kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Fèrè ló pọ̀ jù nínú ohun tí òun kó jọ. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n fi igi ṣe, tí etí àwọn ihò rẹ̀ ti rì wọnú díẹ̀ níbi tí ìka ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo wò ó títí.

Àwọn òyìnbó pàápàá fẹ́ràn irú àpá bẹ́ẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Onígìtá ará Írẹ́lándì kan wà, Rory Gallagher, tó kú lọ́dún 1995. Gìtá kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lò jálẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, tòkunbọ̀ ló sì rà á ní ìlú Cork lọ́dún 1963. Òógùn rẹ̀ jẹ ọ̀dà ara gìtá náà títí tó fi ku igi lásán. Lọ́dún 2024, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí £889,000. Ní Amẹ́ríkà, gìtá Willie Nelson tó ń jẹ́ Trigger ní ihò méjì: ọ̀kan ni àwọn tó ṣe é dá sí i, èkejì ni ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ sí i, nítorí irú gìtá bẹ́ẹ̀ kì í ní pátákó tí ń gba ìyà fún igi. Láti 1969 ló ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé e kọ́ ògiri o. Ó ní oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Austin tó ń bá a tún un ṣe, kó lè máa ta á lọ.

Ẹ lè ní ohùn ni wọ́n ń ná owó lé. Rárá o. Lọ́dún 2010, ní Indianapolis, onímọ̀ ará Faransé kan, Claudia Fritz, àti Joseph Curtin tó ń ṣe fayolíìnì, kó fayolíìnì mẹ́fà jọ sínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì: mẹ́ta tuntun, mẹ́ta àtijọ́, Stradivari méjì sì wà nínú ti àtijọ́. Wọ́n pe àwọn ọ̀jáfáfá 21, wọ́n fi awò dúdú àwọn wẹ́dà bò wọ́n lójú, wọ́n sì fi lọ́fínńdà sí ibi tí àgbọ̀n ń gbé kí òórùn igi má bàa tú àṣírí. Èyí tí wọ́n fẹ́ jù, tuntun ni. Èyí tí wọ́n kọ̀ jù, ti Stradivari ni. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ohun tó ń fa ènìyàn sí ohun èlò àtijọ́ kò sí nínú etí nìkan. A fẹ́ fi ọwọ́ kan ibi tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti kàn.

Ẹ gbọ́ èyí kí ẹ rẹ́rìn-ín. Láti 1995 ni ilé-iṣẹ́ Fender ti ń ta gìtá tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sọ di àlòkù. Wọ́n á fi sáńpépà ha ọ̀dà rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí irin rẹ̀ dípẹtà, wọ́n á tún fi iná ṣe àmì ibi tí sìgá ti jó o, ó sì máa ń wọ́n ju èyí tó ń dán lọ. Bí àwọn ọmọ Èkó ṣe ń lọ ra jíìnsì tó ti fàya ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọ̀rọ̀ ìyáàlù wa ló kàn. Lára gìtá tàbí fayolíìnì, ara igi ni àpá wà, ojú sì ń rí i. Kí ló gbó lára ìyáàlù bàbá àgbà? Awọ ni, ẹ̀yin fúnra yín sì pààrọ̀ rẹ̀ ṣáájú kí bàbá wa tó kú. Ọsán rẹ̀ gbó, ó dúdú, ó ń dán ní ìhà ibi tí ọwọ́ òsì ti ń fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá wa àti tiyín ló ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ti bàbá àgbà. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ ti bàbá àgbà níbẹ̀ ni igi tí wọ́n gbẹ́, ọsán sì ti bò ó. Kò sẹ́ni tó ń rí i. Ìgbà tí a bá lù ú nìkan ló ń fi ara hàn. Tí onílé ìtura bá gbé e kọ́ ògiri, ohun tí à ń jù nù ni àwọn àlejò rẹ̀ yóò máa wò.

Ará Kúbà kan wà tí a jọ máa ń lùlù ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàtá mímọ́ ti ọ̀dọ̀ wọn, Àyàn tiwa, òrìṣà ìlù, ló wà nínú rẹ̀. Añá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń pààrọ̀ awọ, bí igi bá sì jẹrà, wọ́n ń pààrọ̀ igi, Añá á kúrò nínú ti àtijọ́ bọ́ sínú tuntun. Ìlù tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe kò tíì lè sọ̀rọ̀ àfi tí ìlù àtijọ́ bá fún un ní ohùn. Onímọ̀ ará Kúbà kan, Fernando Ortiz, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn baba wa méjì, Atandá àti Añabí, ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní agbègbè Havana ní nǹkan bí ọdún 1830. Ẹrú ni wọ́n kó wọn dé ibẹ̀, wọn kò sì gbé ìlù kankan dání. Àwa tí igi ṣì wà lọ́wọ́ wa la fẹ́ tà á.

Mo mọ̀ pé owó yunifásítì ọmọ yín ló ń dà yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí owó oṣù yìí wọlé, n ó fi ìdajì ránṣẹ́, èkejì á tẹ̀ lé e lẹ́yìn Kérésìmesì. Ẹ bó awọ yẹn kúrò, kí ẹ yẹ inú igi wò bóyá kòkòrò ti dé ibẹ̀, kí ẹ wá fi awọ ewúrẹ́ tuntun bò ó. Ẹ gbé e fún ọmọ yín àgbà kó máa fi ṣeré, ọwọ́ rẹ̀ ti ń dá. Tí onílé ìtura bá tún dé, ẹ ta awọ àti ọsán àtijọ́ fún un, ohun tó wù ú nìyẹn, ẹ sì gba owó gidi lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí igi bàbá àgbà kúrò nílé.



Èmi ni àbúrò yín tòótọ́.