Àtẹ̀gùn Keje

Àtẹ̀gùn ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù kò ju mẹ́rìnlá lọ. Àbúrò mi obìnrin á jókòó sí ìkeje, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ní asthma ni, wọ́n fún un ní inhaler. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. CT àyà ò fi nǹkan kan hàn.

Ó tó ọdún kan kí dókítà kan tó bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i lẹ́sẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ni o, lẹ́yìn ìgbà tó bímọ. Wọ́n bá ṣe V/Q scan: afẹ́fẹ́ ń dé gbogbo ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ ò dé àwọn ibì kan. Wíwá bug ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ mi ò rántí ẹsẹ̀ yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ dídì náà ti gbó, ó ti di àpá mọ́ ara iṣan. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ò lè yọ́ ọ mọ́. Wọ́n ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọrùn rẹ̀ dé ọkàn láti wọn ìfúnpá inú iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá ti kọjá 20, wàhálà ni. Tiẹ̀ jẹ́ 48.

Papworth ní Cambridge nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ní gbogbo UK. Wọ́n á mú ara tutù dé nǹkan bí 20°C, wọ́n á dá ẹ̀jẹ̀ dúró fún 20 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá bó àpá náà kúrò.

Màmá pè láti Ìbàdàn. “Ṣé wọ́n á kọ́kọ́ pa á ni?”

Mi ò rí èsì. Àbúrò mi gba fóònù. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n lọ.”

Lóṣù tó kọjá, ó gun àtẹ̀gùn wa tán láìjókòó, ó ń bú mi pé mi ò fọ abọ́.