Yàrá Àwọn Yòókù

Bí mo bá fẹ́ mọ irú ẹni tó to nǹkan, ibi tó kó àwọn yòókù sí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Nínú ìwé tí Carl Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Sweden, tẹ̀ jáde ní 1758, ìsọ̀rí mẹ́fà ló pín ẹranko ayé sí. Ẹran tó ń fọ́mọ lọ́yàn ní tirẹ̀, ẹyẹ ní tirẹ̀, ẹja náà bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò ríbi wọ̀, ó dà wọ́n pọ̀, ó ní aràn ni wọ́n. Bí ìgbín ṣe di ẹbí ekòló nìyẹn!

Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, kò tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà tó gbé ètò nọ́ńbà rẹ̀ jáde ní 1876. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ṣì fi ń to ìwé. Nínú rẹ̀, Bíbélì àti ọ̀rọ̀ Kristẹni na ẹsẹ̀ láti 220 dé 289. Gbogbo ẹ̀sìn tó kù láyé fún mọ́ra ní 290. Gẹ̀ẹ́sì ní 420, lítíréṣọ̀ rẹ̀ ní 820. Tiwa ńkọ́? Èdè Yorùbá, 496.333, lítíréṣọ̀ rẹ̀, 896.333; ẹ̀sìn ìbílẹ̀ rẹ̀, 299.68333. Ẹ wo nọ́ńbà kejì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: 9 ni. Yàrá àwọn yòókù nìyẹn, Lárúbáwá àti èdè Ṣáínà sì ń bá wa gbé ibẹ̀.

N kò bínú sí Dewey tó bẹ́ẹ̀. Ọjà tó pọ̀ lórí igbá ni oníṣòwò ń pàtẹ síwájú, ìwé tó sì wà nílé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ló ń tò. Ṣùgbọ́n lónìí, eré tí Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ wà ní 822, ìwé tí Fágúnwà fi Yorùbá kọ wà lọ́hùn-ún ní 896.333. Ìtumọ̀ tí Ṣóyínká ṣe sí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1968 sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé Fágúnwà lọ, torí ẹ̀yìn ìwé tí a tú ni ìtumọ̀ ń lọ.

Ifá kò ní yàrá àwọn yòókù. Ojú odù 16, ọmọ odù 240, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 256. Àìsàn, owó, ejò àti ewé lè jọ wà nínú odù kan ṣoṣo. Ipò àgbà ni wọ́n fi tò ó, Èjì Ogbè ló ṣíwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò àwọn tó tẹ̀ lé e kò dọ́gba níbi gbogbo. Mo fẹ́ràn ètò yìí ju ti Dewey lọ. Síbẹ̀, ẹni tó ń wá ẹsẹ tó sọ̀rọ̀ ejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí babaláwo tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ sórí. Ọmọ iléèwé tó mọ nọ́ńbà kà yóò bá ejò ní 597.96, kò ní bi ẹnikẹ́ni.