Ọ̀rọ̀ Owó Idẹ Kan ní Taunton

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sí. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 8, ẹ̀gbọ́n mi ra owó idẹ Róòmù kan fún un ní ọjà òpópónà, ní 60 pọ́n-ùn. Ẹni tó tà á fún wọn sọ pé owó Olú-ọba Carausius ni, pé Lọ́ńdọ̀nù gan-an ni wọ́n ti rọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá sọ fún ọmọ náà pé ìlú kan náà ni wọ́n ti bí òun àti owó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án mọ́. Ó kọ orúkọ Carausius sí pépà kékeré kan, ó fi wé e.

Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Bristol, èmi ni wọ́n ní kí n mú ọmọ náà lọ wo Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Somerset ní ìlú Taunton. A wọ ọkọ̀ ojú irin. Inú ilé olódi àtijọ́ ni ibẹ̀ wà, a kò sì san kọ́bọ̀ kí a tó wọlé.

Ìkòkò Frome la bá lọ. Ní ọdún 2010, Dave Crisp, tó ń ṣe iṣẹ́ alásè ní ilé ìwòsàn, ń fi ẹ̀rọ tó ń wá irin rìn nínú oko kan nítòsí ìlú Frome. Ẹ̀rọ náà dún, ó walẹ̀, ó bá owó nínú ìkòkò tó tóbi bí àmù. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni pé ó dáwọ́ dúró, ó sì ránṣẹ́ pe àwọn awalẹ̀pìtàn. Ìpele ìpele ni wọ́n kó owó náà jáde: 52,503, nǹkan bí kìlógíráàmù 160. Owó Carausius ló kẹ́yìn nínú wọn, ó lé ní 760, síbẹ̀ abẹ́ owó àwọn ọba tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti bá púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n ń kó owó sínú ìkòkò náà. Ká ní Crisp ti da gbogbo rẹ̀ sínú àpò ni, ta ni ìbá mọ̀?

Ọ̀gágun ojú omi ni Carausius. Ní ọdún 286, ó kọ ẹ̀yìn sí Róòmù, ó fi ara rẹ̀ jọba ní Bìrìtéènì títí di 293 tí Allectus, ọmọ abẹ́ rẹ̀, fi pa á. Àwọn òpìtàn àtijọ́ kò kọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Owó rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Ohun tí wọ́n kọ yí orí rẹ̀ ká ni IMP C CARAVSIVS P F AVG: olórí ogun, Késárì, Carausius, olùfọkànsìn, olóríire, ẹni ọ̀wọ̀. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, nítorí oríkì ni mo rí, tí wọ́n gé kúrú kí ó lè gba ojú owó. V ni wọ́n ń kọ dípò U. Lẹ́yìn owó náà, lábẹ́ ẹsẹ̀ àwòrán, wọ́n a máa kọ ML sí àwọn tí wọ́n rọ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Mo tú owó tiwa jáde. Adé onítànṣán bí oòrùn wà lórí rẹ̀, bíi ti Carausius. Irùngbọ̀n wà. Obìnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú PAX AVG, àlàáfíà olú-ọba, èyí tí Carausius fẹ́ràn púpọ̀. Kò sí ML, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó rẹ̀ ló ní àmì. Iwájú owó ti jẹ. VS P F AVG nìkan ló hàn dáadáa.

Níbẹ̀ ni ara ti fu mí. Orúkọ ọba mìíràn parí sí VS bákan náà: Tetricus, tó jọba ní Gaul àti Bìrìtéènì láti 271 sí 274. Òun náà dé irú adé yìí, òun náà rọ PAX AVG, ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó rẹ̀ sì wà nínú ìkòkò Frome. Lẹ́tà tó ṣáájú VS ló máa dá ẹjọ́ náà: bí ó bá jẹ́ I, Carausius ni; bí ó bá jẹ́ C, Tetricus ni. Mo tan iná fóònù, mo mú un wá láti ẹ̀gbẹ́ kí òjìji lè bọ́ sínú ojú ibi tó ti jẹ. Ó tẹ̀ kọrọdọ. Ọrùn Carausius ki bí ọrùn màlúù; ẹni tiwa ní imú gígùn àti ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́. Owó tí wọn kò rọ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò sì tó 60 pọ́n-ùn rárá.

Mo bọ́ síta, mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ṣé o ò lè dákẹ́ ni?" ni wọ́n sọ. "Ọmọdé ni. Jẹ́ kó máa gbádùn ẹ̀bùn rẹ̀."

Mo ní mo gbọ́, mà. Mo padà wọlé. Ọmọ náà dojú kọ owó rẹ̀, ó gbé awò tí wọ́n fi ń wo ohun kékeré lé e, ètè rẹ̀ ń ka lẹ́tà.

"Àǹtí mi, C ni. Kì í ṣe I."

Mi ò lè purọ́ fún un.

"Ta ni tiẹ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo sọ fún un pé Tetricus ni, pé ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Olú-ọba Aurelian, wọ́n fi í ṣe ìran káàkiri Róòmù, lẹ́yìn náà ni Aurelian dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ó sì fún un ní ipò ní Ítálì.

"Wọn ò pa á?"

"Wọn ò pa á."

"Carausius ńkọ́?"

"Wọ́n pa á."

Ó rò ó fún ìgbà pípẹ́. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ní kí n yá òun ní bírò. Ó fa igi lé Carausius lórí pépà náà, ó sì ní kí n pe Tetricus fún òun, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.