Má Ṣe Dán Olúwa Wò: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Aṣálẹ̀



Nínú Bíbélì, aṣálẹ̀ kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Ibẹ̀ ni omi ti tán mọ́ Hágárì lọ́wọ́, tí ó gbé ọmọ rẹ̀ sábẹ́ igbó kí ojú rẹ̀ má baà rí ikú ọmọ náà (Gẹ́nẹ́sísì 21). Ibẹ̀ ni Èlíjà ti bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun (1 Àwọn Ọba 19). Ibẹ̀ náà ni Èṣù ti dán Olúwa wa wò lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ààwẹ̀ (Mátíù 4). Àwa tí a dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí òjò kì í ti í wọ́n wa, orí òkè ni a mọ̀ ní ibi àdúrà. A lè gun orí òkè, kí a gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí a sì sọ̀kalẹ̀ wá bá odò tí ń ṣàn nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi máa ń ka ìtàn aṣálẹ̀ bí ẹni pé kò lè ṣẹlẹ̀ sí wa.

Ní Oṣù Kẹta 2019, lẹ́yìn tí a parí iṣẹ́ ìránṣẹ́ láàrin àwọn ará wa ní Los Angeles, ọjọ́ mẹ́fà ṣẹ́kù kí ọkọ̀ òfúrufú wa tó gbéra. Aṣálẹ̀ kò jìnnà sí ìlú náà. A ti wàásù lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà, a kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí. A háyà ọkọ̀ kékeré kan, a ra àgọ́ kan, a sì pinnu láti dá lọ kí a lè gbàdúrà.

Nígbà tí a fi tó ìyá àwọn ọmọ wa létí lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Bàbá Tolú, ta ni yóò wà pẹ̀lú yín?” A ní Olúwa yóò wà pẹ̀lú wa. Wọ́n ní, “Olúwa yóò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ bí ẹ kò bá dé?”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí a jókòó pẹ̀lú arákùnrin tí ó gbà wá sílé. Ó kọ orúkọ gbogbo ibi tí a ó sùn sínú ìwé kan, lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Dádì, bí ó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé tí a kò gbúròó yín, ọlọ́pàá ni n ó pè o.” Gálọ́ọ̀nù omi méjìlá ni ó bá wa kó sẹ́yìn ọkọ̀. Ohun tí àwọn olùṣọ́ ọgbà aṣálẹ̀ náà ń sọ ni pé gálọ́ọ̀nù kan, ìyẹn nǹkan bí lítà mẹ́rin, ni ó kéré jù fún ẹnì kan lójúmọ́. A fi gààrí, ẹ̀pà, sadíìnì, tọ́ọ̀ṣì, máàpù bébà àti Bíbélì wa kún un.

IBI TÍ A TI PADÀ

Ọgbà ìjọba tí à ń pè ní Joshua Tree ni a kọ́kọ́ dé. Igi kan tí ó pọ̀ níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ẹlẹ́sìn kan tí wọ́n ń rìnrìn àjò gba ibẹ̀ kọjá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n rí ẹ̀ka rẹ̀ tí ó nà sókè bí ọwọ́ ẹni tí ń gbàdúrà, tí wọ́n sì pè é ní igi Jóṣúà. Àárín àwọn òkúta ńláńlá ni a pàgọ́ sí, níbi tí wọ́n ń pè ní Jumbo Rocks. Kò sí ẹ̀rọ omi níbẹ̀ rárá. Bí oòrùn ti wọ̀ ni òtútù dé, ìràwọ̀ sì kún ojú ọ̀run débi pé a kò lè kà á. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ èémí ara wa. A gbàdúrà pẹ́ ní òru ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí apá gúúsù ọgbà náà, ní Cottonwood. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó lọ sí Lost Palms, níbi tí igi ọ̀pẹ gbé hù sínú àfonífojì olókùúta. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí máìlì méje àti ààbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bíbélì yín ti mọ ohun tí ó fà wá lọ: Élímù, ibi kànga omi méjìlá àti àádọ́rin igi ọ̀pẹ (Ẹ́kísódù 15:27). Olùṣọ́ ọgbà kan, obìnrin tí ó ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, bi wá pé omi mélòó ni a mú. A fi ìgò mẹ́fà hàn án. Ó ní, “Bí ìdajì bá ti tán, ẹ padà, ibikíbi tí ẹ bá dé.”

Òjò ti rọ̀ dáadáa ní ìgbà òtútù ọdún náà, nítorí náà òdòdó bo iyanrìn, pupa rẹ́súrẹ́sú àti àwọ̀ aró. Irúgbìn wọn ti wà nínú ilẹ̀ gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń dúró de òjò. Ṣùgbọ́n oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe oòrùn wa. Atẹ́gùn gbígbẹ ń gbá òógùn lọ kí ó tó tutù lára, ènìyàn kò ní mọ̀ pé omi ń jáde lára òun. Nígbà tí a dé etí òkè tí ó kọjú sí àfonífojì náà, a rí àwọn ọ̀pẹ nísàlẹ̀, orí wọn tutù yọ̀yọ̀, imọ̀ gbígbẹ sì rọ̀ yí wọn ká bí ìró. Ó ku kí a sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta náà. A wo àpò wa: ìgò mẹ́ta ti ṣófo.

Ẹ̀yin ará, ohùn kan sọ sí wa lọ́kàn níbẹ̀. Ó ní, ‘Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni ọ́. Ọlọ́run tí ó mú omi jáde láti inú àpáta kò lè jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ọ́. Iwájú ni onígbàgbọ́ ń lọ, kì í wẹ̀yìn.’ Ohùn náà dùn, ó sì kún fún Ìwé Mímọ́. Ṣùgbọ́n a rántí ẹlòmíràn tí a bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní aṣálẹ̀. A ka Deuterónómì 34, bí Mósè ti fi ojú rí ilẹ̀ náà láti orí òkè tí kò sì wọ̀ ọ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a sì padà. Nígbà tí a fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀, omi tí ó kù nínú ìgò kẹfà kò ju ẹnu kan lọ.

ÀFONÍFOJÌ IKÚ

Láti ibẹ̀ a wakọ̀ lọ sí àríwá. A kọjá Amboy, a dé òkìtì iyanrìn Kelso, tí ó ga tó nǹkan bí igba mítà. Bí iyanrìn rẹ̀ bá ń yọ̀ wálẹ̀, ó máa ń hùn bí ìlù tí a lù lókèèrè. Ní ìlú Baker, a rí òpó kan tí wọ́n fi ń wọn ooru, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 134. Ìdí tí ó fi ga tó bẹ́ẹ̀ ni pé ní 1913 wọ́n ka ooru ìwọ̀n Fárẹ́náìtì 134 ní Death Valley, ìyẹn Àfonífojì Ikú, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 56.7 ní ti Sẹ́síọ́ọ̀sì.

A gba Shoshone wọ àfonífojì náà. Ibi tí ó rẹlẹ̀ jù níbẹ̀, Badwater, fi mítà 86 rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Iyọ̀ funfun ni ilẹ̀ rẹ̀. Ènìyàn á dúró lórí iyọ̀ nínú ooru, á gbójú sókè, á rí yìnyín ní orí òkè Telescope.

Àwọn tí wọ́n ń wá wúrà lọ sí Kalifóníà ní 1849 ni orúkọ náà ti ọwọ́ wọn wá. Wọ́n ṣìnà wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, William Manly àti John Rogers, fi ẹsẹ̀ rìn ju igba máìlì lọ láti wá ìrànlọ́wọ́. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó padà dé pẹ̀lú oúnjẹ àti ìbaaka kan. Wọ́n bá òkú ọkùnrin kan lọ́nà, ṣùgbọ́n ìdílé Bennett àti ti Arcan ṣì wà láàyè. Ó dájú pé àdúrà wà lẹ́nu àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ fi ẹsẹ̀ ènìyàn méjì rìn wá.

Ìtàn kejì korò. Ní Oṣù Keje 1996, ìdílé kan láti Jámánì, àgbà méjì àti ọmọdé méjì, wa ọkọ̀ wọ àfonífojì yìí nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn kò padà sílé. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni wọ́n rí ọkọ̀ wọn, táyà rẹ̀ ti bẹ́, ní ọ̀nà kan tí ènìyàn kì í sábà gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá wọn títí, wọn kò rí wọn. Ó di 2009 kí wọ́n tó rí egungun àwọn àgbà méjèèjì. A kò mẹ́nu bà á láti dá wọn lẹ́jọ́. A mẹ́nu bà á kí a lè mọ̀ pé aṣálẹ̀ kì í bi ènìyàn léèrè bóyá ẹni rere ni.

ÌGBÀGBỌ́ TÀBÍ ÌDÁNWÒ?

Ẹ padà sí Mátíù 4 pẹ̀lú wa. Nígbà tí Èṣù gbé Olúwa lé ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, kò bá a sọ ọ̀rọ̀ àìgbàgbọ́. Orin Dáfídì 91 ni ó kà fún un. Ó ní kí ó bẹ́ sílẹ̀, ṣebí àwọn áńgẹ́lì yóò gbé e. Bí ó bá jẹ́ ní àárín wa ni, ẹlòmíràn ì bá ké Halelúyà. Ṣùgbọ́n Olúwa fi Deuterónómì 6:16 dá a lóhùn. Ẹ wo ẹsẹ náà dáadáa, ẹ ó rí i pé Másà ni ó ń tọ́ka sí, ibi tí Ísírẹ́lì ti bá Mósè jà nítorí omi ní aṣálẹ̀ (Ẹ́kísódù 17:7). Ẹni tí ó ní ìgbàgbọ́ ń ṣe ohun tí Ọlọ́run sọ. Ẹni tí ń dán an wò ń ṣe ohun tí Ọlọ́run kò sọ, ó wá ń retí pé kí Ọlọ́run tẹ̀ lé òun.

Arákùnrin kan wà tí a mọ̀ dáadáa. Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn ìsọjí kan, ó da gbogbo rẹ̀ sí ṣáláńgá. Kò sọ fún pásítọ̀, kò sọ fún dókítà, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó ṣubú ní bálùwẹ̀. Olúwa dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, a yin Olúwa lógo. Ó ṣì ń wá sí ilé Ọlọ́run, ọ̀pá ni ó fi ń rìn, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì ṣeé gbé sókè fún ìyìn mọ́. A gbà pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn, ojú wa ti rí i, a kì yóò sì dákẹ́ wíwàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí Olúwa wò sàn kò bẹ̀rù kí dókítà yẹ òun wò. Jésù pàápàá ní kí adẹ́tẹ̀ tí ó wẹ̀ mọ́ lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà (Mátíù 8:4).

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkàwé wa, kí ẹ tó dáwọ́ lé ohun ńlá ní orúkọ ìgbàgbọ́, ìbáà ṣe títa ilé nítorí òwò, tàbí ìrìn àjò sókè òkun, tàbí ààwẹ̀ ọjọ́ púpọ̀ pẹ̀lú oyún nínú, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè ìyá àwọn ọmọ wa: ta ni yóò mọ̀ bí a kò bá dé? Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni a ń fi ọ̀ràn náà pamọ́ fún gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn wa, ó yẹ kí a tún un gbàdúrà sí. Bí ọ̀nà bá sì ti gba ìdajì omi wa, kì í ṣe ìtìjú láti padà. Ẹni tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ kì í tẹ́. Àwọn ọ̀pẹ náà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá padà láàyè lè tún lọ.

Kí Olúwa fún wa ní ìgbàgbọ́ tí ń ṣí òkè nídìí, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n tí kì í dán an wò. Kí omi má ṣe tán lọ́nà wa. Kí ó má sì jẹ́ kí a ṣe aláìní ẹni tí yóò wá wa bí a bá pẹ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.